Ta Ló Bá Ọmọ Náà Wá?

Bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ bá ti lù, Mọ́nsúrátù á ti jókòó sídìí tábìlì ìdáná rẹ̀ ní Corduff, àdúgbò kan nílùú Dublin, ife tíì lápá ọ̀tún, fèrèsé lápá òsì, kọ̀ǹpútà níwájú, àwọn ará Afghanistan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ má rò pé orí rẹ̀ dàrú o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn. Ní ẹnu bọ́dà tí wọ́n ń pè ní Islam Qala, níbi tí ilẹ̀ Iran ti parí tí ilẹ̀ Afghanistan ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan wà tó ń dúró nínú eruku láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n ń bi àwọn tí ilẹ̀ Iran lé padà sílé ní ìbéèrè. Ibo lẹ ti ń bọ̀? Ibo lẹ ń lọ? Ta ni ara rẹ̀ ò yá? Ta ló bá ọmọ yìí wá? Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ sínú fóònù, ohun tí wọ́n bá sì tẹ̀ á fò kọjá òkè àti òkun wá bá Mọ́nsúrátù, ìlà kan fún ẹnì kan. Tirẹ̀ ni kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kó tún èyí tó bá wọ́ ṣe, kó tó fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣèrànwọ́ nílùú Herat.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan láàárín ìlú Dublin ló gbà á síṣẹ́. Kó tó dìgbà náà, ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi nu ilẹ̀ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Dérìn ọmọ rẹ̀ ló fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà kùn, ó ráhùn, ó ní ojú òun ò ríran mọ́, àmọ́ nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, ẹnikẹ́ni ò lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́ nídìí rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ka àwọn ìlà náà bí ẹni ń ka ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Mọ́nsúrátù kì í kà wọ́n bẹ́ẹ̀, ó ń rí wọn ni. Òjò wínníwínní á máa rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, inú òjò yẹn náà ni arúgbó kan láti Ghor ní Afghanistan á gbà kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Obìnrin kan á tẹ̀ lé e, á gbá ìkókó mọ́ àyà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ okùn tó sá aṣọ sí, wọ́n á rọra wọ inú ògiri ọgbà lọ láìwẹ̀yìn. Nígbà míì, ó máa ń ṣe é bíi pé tíì ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ilẹ̀ gbígbẹ. Dérìn á wọlé, á fọwọ́ kan ife, á ní, "Ma, it's stone cold," pé ó ti tutù nini, á sì gbé e lọ mú gbóná. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹnu rẹ̀ ni kò fẹ́ sọ ọ́.

Nígbà ooru ọdún 2025, àwọn tí wọ́n ń lé bọ̀ pọ̀ débi pé Mọ́nsúrátù ò ráyè wo fèrèsé mọ́, àmọ́ àwọn náà ò ní kó wo fèrèsé kí wọ́n tó kọjá. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí kò lọ tán. Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó kọjá ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn kọ ọ́ sábẹ́ ìlà rẹ̀ pé ọmọ náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ìrọ̀rí òun, pé ẹyẹ pupa méjì ló wà lára ìrọ̀rí ọ̀hún, ọ̀kan ò lójú. Ọjọ́ yẹn, Mọ́nsúrátù rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ọmọ onírọ̀rí yẹn ti máa ń dúró lẹ́bàá ògiri ọgbà, tí àwọn yòókù á ti lọ, tí òun á sì wà níbẹ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí Mọ́nsúrátù ṣe tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ pé: Ta ló bá ọmọ náà wá? Ìdáhùn mẹ́ta ló ní: òbí, ìbátan mìíràn, kò sí ẹnì kankan. Tó bá jẹ́ òbí, ọmọ náà á máa bá tirẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjì tó kù, àmì pupa á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ọmọ náà, àwọn ará Herat ò sì ní sinmi títí wọ́n á fi mọ ibi tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí àwọn ẹnu bọ́dà bá kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ọmọ ló mú un wá, ìbátan mìíràn ni wọ́n máa ń tẹ̀. Gbogbo ìgbà náà ni Mọ́nsúrátù máa ń pòṣé. Àbúrò bàbá ọmọ, wọ́n ń pè é ní ìbátan mìíràn, bíi pé ẹni tó wọkọ̀ kan náà ni wọ́n. Á pa á rẹ́, á tẹ òbí. Àmì pupa á sì kú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá pé àṣìṣe làwọn yẹn ń ṣe tí òun ń bá wọn tún un ṣe.

Kí a tó máa dá a lẹ́bi, ẹ bá mi dé Ìsẹ́yìn díẹ̀. Bàbá tó bí Mọ́nsúrátù, Abdulrahman lorúkọ rẹ̀, kú kí ọmọ náà tó mọ ìrìn. Àbúrò rẹ̀ tó ń hun aṣọ òfì, Tàjùdéèn, ló gbé ọmọ náà sókè lọ́jọ́ òkú náà, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fi tẹ òfì, èjìká rẹ̀ ni ọmọ ń jókòó lé. Òun ló rán an níléèwé, òun ló jókòó tì í nígbà tí ìgbóná ara ò jẹ́ kó sùn. Bàbá ni ọmọ ń pè é. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó pè é ní nǹkan míì, ta ni ì bá sì sọ bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún 2001, Mọ́nsúrátù dé Dublin, ó ní kí ìjọba ibẹ̀ gba òun sábẹ́ ààbò wọn. Wọ́n bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní Tàjùdéèn. Ìwé ọjọ́ orí rẹ̀ ní Abdulrahman. Ẹni tó ń bi í ní ṣé uncle rẹ̀ nìyẹn. Ó ní rárá, bàbá mi ni. Wọ́n ní àbúrò bàbá rẹ ṣá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi. Ọkùnrin náà gbé kálàmù, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òpùrọ́ ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sójú kan nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, kò lè ṣiṣẹ́, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Nígbà tó yá, lọ́yà tí wọ́n fún un kọ̀wé sílé. Tàjùdéèn wọ aṣọ ó lọ sí kóòtù n'Ísẹ́yìn, ó búra pé òun kọ́ ni bàbá ọmọ náà, àbúrò bàbá rẹ̀ lásán ni òun. Ìwé yẹn ni wọ́n fi jẹ́ kó dúró.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà nìkan ni Mọ́nsúrátù kà. Ó ká a, ó fi í sísàlẹ̀ press, kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, lábẹ́ àwọn aṣọ ìnuwọ́. Ó dùn ún bíi pé wọ́n dá a padà fún bàbá tó ti kú. Tí bàbá bá pè, á dáhùn ṣókí: ẹ káàsán sà, a wà, ó dàbọ̀. Kò bá a jà o, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀, nítorí ká ní ó bá a jà ni, bàbá ì bá rí nǹkan bẹ̀ ẹ́ sí. Ọdún kejì, kó tó rí ìwé tó lè fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé, Tàjùdéèn kú. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ uncle yẹn ò jáde lẹ́nu Mọ́nsúrátù mọ́, ó sì pinnu pé kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ fún ẹlòmíràn níṣojú òun.

Ilé kejì sí tirẹ̀ ni Zarmina ń gbé, obìnrin Afghanistan kan tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ lọ, tó ń ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Moore Street. Ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, á kan ilẹ̀kùn Mọ́nsúrátù pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ṣì gbóná nínú bébà. Khala ló ń pè é, bí àwọn tiwọn ṣe ń pe ọmọ ìyá ìyá wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀ tó wọ́, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Ọkọ Zarmina ti kú. Òun àti ọmọbìnrin wọn, Parwana, àti àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Nasim, ni wọ́n jọ sá lọ sí Mashhad ní ilẹ̀ Iran. Nígbà tí ọmọ di ọmọ ọdún márùn-ún, Zarmina fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ Nasim, ó gbọ̀nà tí ọmọdé ò lè rìn, títí ó fi dé Dublin.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá lórí rẹ̀. Ìgbà òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2025 yẹn kan náà nígbà tí lẹ́tà ìjọba dé pé Parwana lè wá bá ìyá rẹ̀, bó bá ṣáà ti dé iwájú àwọn aṣojú wọn kí oṣù Kejìlá tó parí. Zarmina jó káàkiri yàrá. Lóṣù Keje, fóònù Nasim kú. Àwọn aládùúgbò ní Mashhad ní ọlọ́pàá ti wá kó wọn. Ṣé wọ́n kó ọmọ mọ́ Nasim ni? Ṣé ó sọnù lọ́nà ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Zarmina lọ bá àwọn tó ń wá ẹni tó sọnù. Àwọn yẹn wo ìwé wọn títí, wọ́n ní kò sí ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi àmì sí.

Mọ́nsúrátù gbọ́ gbogbo èyí, ó bá a sunkún. Kò sọ irú iṣẹ́ tí òun ń ṣe fún un, torí ó ti fọwọ́ síwèé pé òun ò ní sọ ọ̀rọ̀ inú ìlà kankan fún ará ìta. Kò sì tíì já mọ́ ọn nínú pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Àwọn ìlà ò lórúkọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó gba bọ́dà kọjá ò lóǹkà. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí Zarmina jẹ́ kí wọ́n jọ lọ gba atẹ́gùn lọ́jọ́ Àìkú.

Oṣù Kẹwàá ni. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìgboro, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Dún Laoghaire, wọ́n gun orí ògiri gígùn tó wọ inú òkun lọ, tí àwọn èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ lọ rìn bọ̀. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀ débi pé a ò mọ ibi tí omi ti pàdé òfuurufú. Àwọn tó ń rìn níwájú á kọ́kọ́ dàbí òjìji, wọ́n á dèèyàn, wọ́n á tún di òjìji padà lẹ́yìn ẹni. Mọ́nsúrátù ń wò wọ́n. Lójú tirẹ̀, àwọn kan nínú wọn ru ẹrù. Obìnrin kan gbé ìkòkò. Arúgbó Ghor yẹn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ síbi iná tó ń ṣẹ́jú fún ọkọ̀ ojú omi. Kò bà á lẹ́rù, ó ti mọ́ ọn lára.

Wọ́n jókòó sórí òkúta. Zarmina fa okùn dúdú kan yọ nínú àpò rẹ̀, òwú ìránṣọ tó rà ní Moore Street, ó ń fi wé ìka.

"Ìrọ̀rí kan ni mo rán fún un," ó ní. "Ẹyẹ pupa méjì ni mo rán sí i. Òwú dúdú mi tán lálẹ́ ọjọ́ tí mo máa lọ, ọ̀kan ò rí ojú gbà. Mo ní kó dì í mú, kó má fún ẹnikẹ́ni, pé èmi ni mo máa wá fi ojú yẹn sí i."

Mọ́nsúrátù yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú kùrukùru, ọmọ náà dúró, ìrọ̀rí láyà, ó ń wò ó. Mọ́nsúrátù wá rántí ohun gbogbo: ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje, àbúrò bàbá ọmọ náà ló mú un wá, ìbátan mìíràn ni wọ́n tẹ̀. Ó rántí bí òun ṣe pòṣé. Ó rántí ìka òun lórí kọ̀ǹpútà.

Wọ́n gbọ̀nà ilé. Ó fẹ́ sọ fún Zarmina nínú ọkọ̀ ojú irin, ó la ẹnu ó tún pa á dé. Iṣẹ́ lè bọ́, ìyẹn ṣì kéré. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ojú Zarmina.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ ọ́fíìsì lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Gráinne, obìnrin ará Ireland tó jẹ́ pé "grand", ìyẹn ó dára, lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lórí ohun gbogbo, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ oòrùn. Ó jókòó, ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gráinne gbọ́ ọ tán, kò sì sọ grand. Kò pariwo. Àwọn èèyàn yìí, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe burú tó ni ohùn wọn ṣe ń lọ sílẹ̀ tó. Ó ní kí wọ́n ṣí gbogbo ìlà tí Mọ́nsúrátù ti tún ṣe láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mọ́kànlélógójì ni wọ́n bá níbẹ̀ tí ó ti pa àmì wọn rẹ́. Mọ́kànlélógójì. Mọ́nsúrátù fọwọ́ borí.

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní ní ilé àwọn, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìyá bàbá ẹni, bàbá ẹni ni, kì í ṣe ìbátan. Gráinne ní òun gbàgbọ́. Ó ní àmọ́ fọ́ọ̀mù náà ò béèrè ẹni tó fẹ́ràn ọmọ, ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹnì kan wà níbòmíràn tó ń wá a. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá àmì mọ́kànlélógójì padà, ó sì bẹ Gráinne pé kó má rán ẹnikẹ́ni sí Zarmina, kó jẹ́ kí òun fúnra òun lọ.

Ẹnu ọ̀nà Zarmina ló dúró sí, kò gbà láti wọlé jókòó.

"Zarmina, ọmọ rẹ gba bọ́dà kọjá lóṣù Keje. Nasim ló mú un dání. Èmi ni mo ń ka ìwé wọn, èmi ni mo pa àmì tí ì bá jẹ́ kí wọ́n wá ọ."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Zarmina bi í. "Ṣé ìrọ̀rí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Zarmina rọra ti ilẹ̀kùn. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, búrẹ́dì ò wá. Jímọ̀ kejì, kò wá. Tí wọ́n bá pàdé níbi tí wọ́n ń gbé ike ìdọ̀tí sí, Zarmina á wo ilẹ̀. Mọ́nsúrátù náà ò bẹ̀bẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ á kàn di ẹrù míì lórí ọmọ ọlọ́mọ. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Herat ti bọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n ń béèrè láti abúlé dé abúlé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, oorun gbé e lọ lórí tábìlì. Ó rí i pé ògiri ọgbà òun ti di ẹnubodè, èèyàn tò lọ títí dé òpin Corduff, eruku ń fẹ́ lórí koríko tútù. Òun ló jókòó sídìí tábìlì tó ń bi wọ́n. Ó ń béèrè, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni kan dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà òfì, ọmọ jókòó sí èjìká rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà ń jù fìrì fìrì ní àyà rẹ̀. Mọ́nsúrátù ò gbójú sókè, ó bi í bó ṣe ń bi gbogbo wọn: ta ló bá ọmọ náà wá? Bàbá náà kàn na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Àtàǹpàkò náà dúdú fún tàdáwà. Mọ́nsúrátù gbójú sókè báyìí, bàbá ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Fóònù ló jí i. Gráinne ni. Wọ́n ti rí wọn. Inú ilé alámọ̀ kan lẹ́yìn odi Herat ni wọ́n wà, Nasim ń bá wọn mọ bíríkì, ọmọ ń gbádùn, ìrọ̀rí wà. Mọ́nsúrátù kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìdáná, ó dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ṣùgbọ́n Gráinne kò tíì parí ọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n kọ ní Herat kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ léèrè ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ ní bàbá mi. Wọ́n tẹ òbí. Bí ìwé yẹn bá dé iwájú àwọn tó fẹ́ fún un ní físà, wọ́n á ní ọmọ ti wà lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, kí ló tún ń wá lọ sí Dublin? Ẹnì kan ní láti tún un ṣe, Nasim sì gbọ́dọ̀ gbà. Gráinne ní ẹlòmíràn lè ṣe é tó bá ṣòro fún un. Mọ́nsúrátù ní rárá, iṣẹ́ òun ni.

Kò tíì tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Zarmina ni. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní Nasim fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń kọ ìwé, ó tẹ ohùn náà sókè, ohùn ọkùnrin kan tó ti rẹ̀ jáde, tó ń sọ èdè wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọmọ kan sì ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Zarmina ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

"Ó ní kí o kọ ohun tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé òun kọ́ ni bàbá rẹ̀ ló máa gbé e débẹ̀, kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ ohun tí òun jẹ́ sí i, ọmọ náà sì mọ̀."

Mọ́nsúrátù dìde. Kò lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó lọ síbi press, ó bẹ̀rẹ̀, ó kó àwọn aṣọ ìnuwọ́ dànù sílẹ̀, ó fa àpò ìwé kan yọ tó ti pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Zarmina jókòó.

Ó ka ìlà àkọ́kọ́, èyí tó ti mọ̀ lórí láti ogún ọdún: Èmi Tàjùdéèn, ahunṣọ, ará Ìsẹ́yìn, búra pé èmi kọ́ ni bàbá Mọ́nsúrátù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ka ìyókù. Gẹ̀ẹ́sì akọ̀wé kóòtù ni, àmọ́ ẹnu bàbá ló ti jáde, akọ̀wé náà ò sì kíyè sí ohun tó ń tẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ní: Mo búra báyìí kí wọ́n lè gba ọmọ mi láyè láti dúró níbi tó wà. Ọmọ mi. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àtàǹpàkò wà, ẹ̀ẹ̀mejì, torí ti àkọ́kọ́ ò yọ, ó sì tún un tẹ̀ kó lè hàn dáadáa.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ bóyá Parwana dé. Ó dé, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù Kejìlá parí, ẹyẹ kejì sì ti lójú báyìí. Mo sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn nínú ìdáná Corduff ni ọ̀rọ̀ tèmi wà, pẹ̀lú òjò lójú fèrèsé, tí ẹ̀yìnkùlé sì ṣófo, kò sẹ́ni kankan lẹ́bàá ògiri mọ́.

Mọ́nsúrátù fi ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó pa òbí rẹ́. Ó tẹ ìbátan mìíràn. Nígbà tí wọ́n ní kó ṣàlàyé irú ìbátan, ó tẹ uncle, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, àmì pupa náà sì yọ. Ó fi ìka kan àtàǹpàkò tó wà lórí ìwé.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní. "Ẹ má bínú sí mi, sà."

Zarmina gbójú sókè, ó bi í ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi ni," Mọ́nsúrátù ní, ó sì lọ gbé omi tíì kaná fún àwọn méjèèjì.